Ta Ni Oògùn Náà Ń Wò Sàn?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ òwe yìí, mo sì ti kọ ọ́ sínú àròkọ tó ju mẹ́ta lọ kí n lè gba máàkì. Ṣùgbọ́n ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni mo tó mọ ohun tí òwe náà ń bá èmi gan-an wí. Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí nìyí: bí ọmọdé bá ń wúkọ́, tí ẹni tó mọ̀ nípa ìwòsàn sì sọ pé òun kò ní fún un ní oògùn, ṣé ó tọ́jú ọmọ náà ni, àbí ó pa á tì? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ka ìbéèrè yìí yóò ti ní ìdáhùn lẹ́nu. Èmi náà ti ní ìdáhùn rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dáhùn rẹ̀ láàárín oṣù kan, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo sì ṣìnà.

Ṣakí ni à ń gbé. Ẹni tó bá mọ Òkè-Ògùn yóò mọ bí ọyẹ́ ṣe máa ń rí níbẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa. Lásìkò náà koríko á ti gbẹ, wọ́n á máa sungbó kiri, eruku á bo òrùlé, á bo ewé, á bo aṣọ tí a sá sórí okùn. Láàárọ̀, òtútù á mú débi pé àgbàlagbà á da aṣọ bora. Tó bá di ọ̀sán, oòrùn á tún máa ta gan-an. Ìgbà yẹn ni ọ̀fìnkìn àti ikọ́ máa ń ti ilé kan bọ́ sí ìkejì. Nílé tiwa, àbíkẹ́yìn Màmá mi ló mú, ọmọ ọdún kan ààbọ̀. Imú rẹ̀ ń dà, ara rẹ̀ gbóná díẹ̀, ó sì ń wúkọ́ lóru tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi sùn dáadáa nínú ilé.

Ní ọjọ́ kẹta, Màmá mi, tó ń ta èlùbọ́, kò lọ sọ́jà. A gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn kan, a sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́jọ títí ó fi kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù. Nígbà tó kàn wá, nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan gba ọmọ náà. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó tẹjú mọ́ àyà rẹ̀, ó sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan. Ó wo etí rẹ̀, ó wo ọ̀fun rẹ̀. Ó bi Màmá bóyá ó ń mu ọmú, bóyá ó ń jẹun, bóyá ó ń ṣeré. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Màmá, ọ̀fìnkìn ni. Fáírọ́ọ̀sì ló fà á, oògùn apakòkòrò kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ máa fún un ní ọmú àti omi dáadáa, ẹ máa nu imú rẹ̀ kó lè rí mí. Bí ara rẹ̀ bá gbóná jù, ẹ fún un ní paracetamol níwọ̀n tí mo kọ síbí. Ẹ má ra oògùn ikọ́ kankan fún un. Ṣùgbọ́n ẹ máa wò ó o! Bí ẹ bá rí i pé ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tàbí tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú bó bá ń mí, tàbí tí kò lè mu ọmú mọ́, ẹ má dúró de ọ̀la. Ẹ gbé e padà wá lójú ẹsẹ̀."

Màmá mi dúpẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Nígbà tí a dé ìta, ó ní, "Owó ọ̀kadà lọ, owó ọ̀kadà bọ̀, n kò dé ọjà lónìí, omi ni wọ́n ní kí n lọ fún ọmọ mi. Ṣé omi ló wọ́n mi nílé ni?" Kí a tó délé, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn Màmá mi tí ọmọ wà. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: "Ti èló ni kí n dì fún yín?" Ó kó oògùn olómi fún ikọ́ àti ìgò apakòkòrò kan, èyí tí wọ́n máa ń po omi mọ́, sínú ọ̀rá dúdú. Bí Màmá ṣe gba ọ̀rá náà, mo rí i tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, tó sì mí kanlẹ̀. Oògùn náà ti ṣiṣẹ́ lára Màmá kí a tó ṣí ìdérí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìbéèrè mi ti bẹ̀rẹ̀. Ta ni oògùn yẹn wò sàn?

Ọmọ sáyẹ́ǹsì ni mí, SS2 ni mo sì wà nígbà náà. A ti kọ́ ọ nínú bàọ́lọ́jì pé bakitéríà yàtọ̀ sí fáírọ́ọ̀sì. Bakitéríà jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí tó ń dá gbé. Oògùn apakòkòrò bíi amoxicillin lè ba ògiri ara rẹ̀ jẹ́ kó sì kú. Fáírọ́ọ̀sì kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀yà ara wa ló ń wọ̀ lọ, ibẹ̀ ló ti ń bí sí i, ara wa fúnra rẹ̀ ló sì máa ń lé e jáde. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀fìnkìn àti ikọ́ àwọn ọmọdé, fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Nítorí náà mo bá Màmá jiyàn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní nọ́ọ̀sì ló tọ̀nà. Ó dá mi lóhùn pé, "Nígbà tí o bá bímọ tìẹ, kí o máa fi bàọ́lọ́jì wò ó."

Ó fún ọmọ náà ní oògùn fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá, ó dá a dúró, ó sì gbé ìyókù sórí pẹpẹ nítorí ọjọ́ mìíràn. Nígbà tí yóò fi tó ọ̀sẹ̀ kan, àbúrò mi ti ń sáré kiri. Màmá ní, "Ṣé o rí i?" Èmi náà sì sọ nínú ọkàn mi pé, "Ṣé ẹ rí i?" Ohun kan náà ni àwa méjèèjì rí, ohun tó yàtọ̀ ni oníkálukú fi mọ̀. Ìṣòro ọ̀fìnkìn nìyẹn. Ohun yòówù tí a bá ṣe kó tó lọ ni a ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kẹ́míìsì bá ta ẹfun pípò fún wa, ẹfun pípò náà ni a ó máa yìn.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Bí oògùn náà kò bá tilẹ̀ ṣiṣẹ́ lára ọmọ, tó fi ọkàn ìyá balẹ̀, kí ló burú níbẹ̀?" Ìbéèrè yẹn dára, mo sì rò ó dáadáa. Ohun méjì ni mo rí tó burú níbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni pé oògùn tí kò ṣe ọmọ lóore lè ṣe é ní jàǹbá. Lọ́dún 1990, àwọn ọmọdé kú ní Ìbàdàn àti ní Jos lẹ́yìn tí wọ́n mu paracetamol olómi tí májèlé wà nínú rẹ̀. Níparí ọdún 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa níbí. Oògùn olómi kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí àwọn ìyá ń rà fún ọmọ tó ń hu eyín, ni wọ́n fi kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ diethylene glycol ṣe. Irú kẹ́míkà yìí ni wọ́n ń lò nínú omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù. Kíndìnrín àwọn ọmọ náà daṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò tọ̀ mọ́, àwọn tó lé ní 80 sì kú. Eyín híhù kì í pa ọmọ. Lóṣù kẹwàá ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé tún kéde nípa oògùn olómi mẹ́rin tí wọ́n kó láti Íńdíà wọ Gáńbíà. Oògùn ikọ́ àti ọ̀fìnkìn wà nínú wọn, májèlé kan náà ló sì wà nínú wọn. Àwọn ọmọ bíi 70 ló kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Mo máa ń ronú nípa àwọn ìyá wọ̀nyẹn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ìfẹ́ ló mú wọn na owó tí wọn kò ní tó, ìfẹ́ ló mú wọn wọn oògùn sínú ṣíbí, tí wọ́n sì di ọmọ mú kó lè gbé e mì.

N kò sọ èyí láti fi bú oògùn òyìnbó nìkan o. Tiwa náà wà níbẹ̀. Ìyá Àgbà sọ fún mi pé láyé àtijọ́, bí ara ọmọ bá gbóná tí gìrì sì mú un, ìtọ̀ màálù tí wọ́n fi ewé tábà àti àwọn nǹkan mìíràn sí ni wọ́n máa ń rọ fún un. Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn yẹ àgbo yìí wò, wọ́n sì rí i pé ó ń jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ sílẹ̀ gan-an, ó sì lè dá mímí rẹ̀ dúró. Ẹ̀rù ló ń bà wá, a sì ń wá ohun tí ọwọ́ wa máa ṣe. Nígbà tí ẹ̀rù bá ń bani, kí ọwọ́ wà láìṣe nǹkan kan máa ń dà bí ẹ̀ṣẹ̀.

Ohun kejì tó burú ni pé oògùn apakòkòrò kì í ṣe ti ẹni tó rà á nìkan. Gbogbo wa ní Òkè-Ògùn la mọ ẹni tó dáná sungbó nítorí òkété kan ṣoṣo. Bóyá ó rí òkété náà pa, bóyá kò rí i, iná náà kò ní dúró ní ààlà oko rẹ̀. Ó lè jó iṣu ẹlòmíràn, ó lè jó káṣú tí ẹnì kan ti ń tọ́jú láti ọdún mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ náà ni apakòkòrò tí a lò láìnídìí, tàbí tí a lò fún ọjọ́ méjì tí a sì pa tì. Ó ń pa àwọn bakitéríà tí kò lágbára, ó ń fi àwọn alágbára sílẹ̀ kí wọ́n máa bí sí i. Alexander Fleming tó rí penicillin lọ́dún 1928 ti kìlọ̀ nípa èyí nígbà tó lọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1945. Ọmọ tí iná náà máa jó lè jẹ́ ọmọ tí a kò mọ̀ rí, ní ìlú tí a kò dé rí, tí òtútù àyà gidi ń bá jà, tí oògùn tó yẹ kó gbà á là kò sì ràn án mọ́. Nítorí pé a kò rí ojú ọmọ náà ló ṣe rọrùn fún wa láti sungbó.

Nígbà tí mo ro gbogbo èyí tán, mo dá ẹjọ́ náà. Mo ní nọ́ọ̀sì jàre, Màmá jẹ̀bi. Ìdáhùn mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ìyá Àgbà, kò bá mi yọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ kò tíì sìnkú ọmọ rí." Ó wá sọ ohun tí n kò gbọ́ rí fún mi, pé òun bí ọmọ méjì kí òun tó bí Màmá mi, èéyi ló sì mú àwọn méjèèjì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Ó ní wọ́n ní kí òun máa wò wọ́n, òun sì wò wọ́n títí tí wọ́n fi lọ mọ́ òun lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lẹ́nu mọ́. Fáírọ́ọ̀sì ni èéyi náà, inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà wọlé, òtútù àyà tó máa ń tẹ̀lé e ló sì sábà máa ń pa ọmọ. Mo kà nípa dókítà òyìnbó kan, David Morley, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà láti 1956 sí 1961. Ó ní ibi ìtọ́jú ọmọdé kan ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó sì rí i níbẹ̀ bí èéyi ṣe ń kó àwọn ọmọ lọ. Kò sí oògùn tó ń pa èéyi nígbà náà; títí di òní kò tíì sí. Ohun tí òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ṣe ni pé wọ́n fún ìyá kọ̀ọ̀kan ní káàdì kan. Lóṣooṣù wọ́n á wọn ọmọ, wọ́n á fi àmì sí ìwọ̀n rẹ̀ lórí káàdì náà. Bí ìlà rẹ̀ bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí kò bá gòkè mọ́, nǹkan ń bọ̀, a sì ti tètè mọ̀. Ọwọ́ ìyá ni káàdì náà ń gbé, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Irú káàdì yìí ti tàn káyé báyìí. Nígbà tó yá ni abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi dé, èyí tí wọ́n ń fún ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ní Nàìjíríà. Nítorí náà kì í ṣe pé ojú lásán ni wọ́n ní kí àwọn ìyá wọ̀nyẹn máa fi wo ọmọ. Wọ́n kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa wò, wọ́n sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá rí i. Àwọn tó ní kí Ìyá Àgbà máa wò kò fún un ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó yẹ kí n ti fi èyí kọ́gbọ́n. N kò tíì kọ́ ọ.

Nígbà ìsinmi ọdún Kérésìmesì, mo lọ sí Ìsẹ́yìn lọ́dọ̀ Àǹtí mi, àbúrò Màmá. Ahunṣọ òfì ni ọkọ rẹ̀. Màmá mi fẹ́ kí n mú ìyókù ìgò apakòkòrò orí pẹpẹ yẹn dání fún Àǹtí nítorí ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ oṣù mẹ́jọ, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé rẹ̀ sílé. Èyí kò burú, nítorí oògùn tí a ti po omi mọ́ kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ohun tó burú ń bọ̀ níwájú.

Lọ́jọ́ kejì tí mo dé, ọmọ Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Àǹtí fẹ́ lọ ra oògùn. Mo dá a dúró. Mo ní, "Àǹtí, ẹ má wulẹ̀ náwó. Fáírọ́ọ̀sì ni. Kò sí oògùn rẹ̀. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ kan, á lọ." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó mà dáa kéèyàn kàwé o. Ó gbà mí gbọ́. Inú mi dùn, mo sì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń hunṣọ, mò ń wo bí ọ̀kọ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀ láàárín òwú.

Mo ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Mo gbàgbé ìdajì kejì. N kò sọ fún Àǹtí pé kó máa wo ìhà ọmọ, n kò sọ ohun tó máa mú kó sáré. Èmi fúnra mi kò gbé ọmọ náà wò lẹ́ẹ̀kan fún ọjọ́ méjì gbáko. Ìyá ọkọ Àǹtí ló rí i lálẹ́ ọjọ́ kẹta. Ìyá náà kò kàwé rárá. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ Àǹtí láti pọ̀n ọ́n, ó dúró, ó sì tú aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wo ìhà ọmọ yìí. Èyí kì í ṣe ikọ́ lásán." A gbé fìtílà súnmọ́ ọn. Abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú, ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀. Mo gbé fóònù mi, mo sì ka mímí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ó ti pẹ́ jù. Ó jẹ́ 64.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ mọ àwọn iye yìí, nítorí n kò mọ̀ wọ́n nígbà náà. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe là á kalẹ̀, bí ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì bá mí tó ìgbà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, nígbà tí kò sunkún, ó ń mí yára jù. Fún ọmọ oṣù méjì títí di ọdún kan, 50 ni. Fún ọmọ ọdún kan sí márùn-ún, 40 ni. Kò gba owó, kò gba ìwé ẹ̀rí. Ìṣẹ́jú kan ni, pẹ̀lú aago àti ojú tí kò kúrò lára àyà ọmọ. Ohun tí nọ́ọ̀sì wa ní Ṣakí ń ṣe nìyẹn nígbà tó dákẹ́, tí Màmá àti èmi rò pé kò ṣe nǹkan kan.

Òru náà ni a gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Òtútù àyà ni dókítà pè é. Wọ́n fi nǹkan kékeré kan há a lẹ́sẹ̀ láti mọ bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò. Bẹ́ẹ̀ ni, apakòkòrò. Oògùn tí mo ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti oṣù kan sẹ́yìn ló wá di ohun tó bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣílẹ̀kùn fún bakitéríà nígbà mìíràn. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n lò níbẹ̀. Ọmọ náà yè. Àǹtí kò bá mi wí, kò tilẹ̀ mẹ́nu bà á. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Orí bẹ́ǹṣì ọsibítù yẹn ni mo ti rí i pé èmi àti ọmọkùnrin kẹ́míìsì yẹn, iṣẹ́ kan náà la ṣe. Òun fún ọmọ ní oògùn láìwò ó. Èmi fi oògùn du ọmọ láìwò ó. Mo ti rò pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa ni pé mo mọ̀wé. Ìwé tí mo mọ̀ sọ òtítọ́ nípa fáírọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún mi bí ọmọ tó wà níwájú mi ṣe ń mí. Ẹ̀yìn ọmọ ni àwa méjèèjì kọ sí. Òun kọjú sí owó, èmi kọjú sí ìmọ̀ mi.

Mo wá ronú nípa èdè wa. Bí a bá fẹ́ sọ pé ẹnì kan gba aláìsàn lọ́wọ́ àìsàn, a ń sọ pé ó *wò ó sàn*. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ni ilé *ìwòsàn*. Bí a bá fẹ́ sọ pé a bójú tó èèyàn, a ní a ń ṣe *ìtọ́jú* rẹ̀, ojú sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. N kò mọ ẹni tó dá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó jọ pé ó mọ ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Oògùn lè wà nínú ìwòsàn, ó sì lè má sí níbẹ̀. Wíwò kò gbọ́dọ̀ má sí.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹni tó wo ọmọ, tó sì rí i pé kò nílò oògùn, tó sọ ohun tí ìyá máa ṣọ́ fún un, ti tọ́jú ọmọ náà dáadáa, kódà bí ìyá bá délé lọ́wọ́ òfo. Ẹni tó ní kò sí oògùn, tó sì yíjú kúrò, pa ọmọ tì, kódà bí ìwé bá ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó fúnni ní oògùn láìwoni náà pa ọmọ tì. Ó kàn gba owó lé e ni.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ di gbogbo ẹrù yìí lé àwọn ìyá lórí. Ó rọrùn láti sọ pé, "Ẹ máa wò ó." Wíwò ń ná èèyàn lówó. Ọjọ́ tí Màmá mi bá jókòó ti ọmọ, èlùbọ́ kò tà. Àti pé ẹni tó ní kí ìyá máa wò, kó sì gbé ọmọ padà wá bó bá le, ti ṣe ìlérí fún un. Ìlérí náà ni pé bí ó bá dé láàárín òru, ìlẹ̀kùn á ṣí, èèyàn á wà níbẹ̀, ọ́síjìn á wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ abúlé wa ní Òkè-Ògùn, níbi tí ọ̀kadà kò ti ní rìn lóru, ìlérí yẹn kò dájú. Ìdí nìyẹn tí ìyá fi ń sáré lọ sọ́dọ̀ kẹ́míìsì: òun ló sún mọ́ ọn, òun ló ṣì ṣí ilẹ̀kùn ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Bí àwọn aláṣẹ bá fẹ́ kí àwọn ènìyàn jáwọ́ nínú ríra oògùn tí kò yẹ, kí wọ́n jẹ́ kí ilé ìwòsàn sún mọ́ wọn bí kẹ́míìsì ṣe sún mọ́ wọn. Kí wọ́n sì kọ́ àwọn tó ń ta oògùn láti ka mímí ọmọ, kí wọ́n lè sọ fún ìyá nígbà tí ó yẹ kó kọjá lọ́dọ̀ wọn lọ sí ọsibítù.

Àwa ọmọ ilé ìwé náà ní tiwa láti ṣe. Àwa la máa ń délé láti fi ohun tí a kọ́ já àwọn òbí wa ní koro. Kí a kọ́kọ́ béèrè pé ta ni ẹ̀kọ́ wa fẹ́ ràn lọ́wọ́: ọmọ tó ń ṣàìsàn ni, tàbí àwa tó fẹ́ borí nínú iyàn?

Ọmọ Àǹtí ti ń rìn báyìí. Nígbà tí mo tún lọ sí Ìsẹ́yìn, imú rẹ̀ ń dà, ó sì ń wúkọ́. Àǹtí wò mí, ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀. N kò sọ nǹkan kan. Mo gbé ọmọ náà sórí ẹsẹ̀ mi, mo ká aṣọ rẹ̀ sókè, mo gbé fóònù síwájú mi, mo sì ka mímí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ọgbọ̀n ni. Abẹ́ ìhà rẹ̀ kò wọnú. Mo ní, "Àǹtí, ó jọ ọ̀fìnkìn. Ẹ jẹ́ ká fún un lómi. A ó tún kà á lálẹ́." Lálẹ́, Àǹtí ló kà á.